Waya Tínrín Nínú Ògiri Ìyá Ìyàwó

Ògiri ló kọ́kọ́ gbóná. Ìyá ìyàwó fẹ̀yìn tì í kí ẹ̀yìn tó ń dùn ún lè rọ̀, ló bá fò sókè bí ọmọdé. Kó tó bèèrè pé kí lèyí, èéfín ti ń yọ lẹ́nu àpótí tó ń pín iná fún ilé kékeré tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ mọ́ ara ilé ọkọ ọmọ rẹ̀. Ilé tí olóògbé ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ló tà fi kọ́ ọ. Bí èyí bá jóná, kò síbi tí yóò forí lé mọ́.

Àwọn aládùúgbò da iyanrìn lu iná náà títí ó fi kú. Ọkọ ọmọ ní Màmá ló ń tan nǹkan mọ́ nǹkan.

Àwọn ọlọ́pàá rán ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan wá, obìnrin tí kì í rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n la ògiri. Waya tó wọ àpótí nípọn bí ìka. Èyí tó ti ìta wọlé náà nípọn bí ìka. Láàárín méjèèjì, níbi tí ojú kò tó, waya tó tó gílóòbù kan ṣoṣo ni wọ́n so mọ́ wọn. Ìyẹn ni wọ́n ní kó gbé sítóòfù, ẹ̀rọ amúlétutù àti ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná. Bíréékà tó yẹ kó já kí waya tó gbiná ti tóbi jù fún un. Ó jókòó síbẹ̀ bí ẹ̀ṣọ́ tó ti sùn lọ.

Ọkọ ọmọ káwọ́ lérí. Ó ní oníṣẹ́ iná tó fa waya náà, tí wọ́n ń pè ní Má-Mikàn, ló pa òun. Bí òun bá rí i, òun á fi eyín gé e jẹ. Ó tẹ̀ lé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ káàkiri. Wọ́n dé ṣọ́ọ̀bù Má-Mikàn: redió ń sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó ń gbọ́. Wọ́n dé ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀: tíì ṣì ń ru èéfín nínú kọ́ọ̀bù, kò sẹ́ni tó ń mu ún. Ọkọ ọmọ ní àfàìmọ̀ kí ọkùnrin náà má máa gbóòórùn ọlọ́pàá.

Lọ́jọ́ kejì, ọkọ ọmọ nìkan ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ sọ fún pé àwọn máa gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọ ilé Má-Mikàn nírọ̀lẹ́. Ló bá lọ dúró sẹ́yìnkùlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn aṣọ. Oòrùn kò tíì wọ̀ tí báàgì kan fi já bọ́ láti ojú fèrèsé. Má-Mikàn tẹ̀ lé e, ó sì bọ́ sáàárín aṣọ tútù. Ẹ̀wù ìyàwó rẹ̀ ló bò ó lórí.

"Ta ló sọ fún ẹ pé à ń bọ̀?"

"Kò sẹ́ni, ọ̀gá."

"Fóònù ẹ dà?"

"Ó ti kú."

Òkú náà dún nínú àpò rẹ̀. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ gbé e, kò sọ̀rọ̀.

"Ṣé o ti jáde?" Ọkọ ọmọ ló ń sọ̀rọ̀. "Tètè o, wọ́n ti ń bọ̀."

Má-Mikàn jẹ́wọ́ kí wọ́n tó dé àgọ́ ọlọ́pàá. Ó ní òun ro gbogbo ohun tí Màmá máa lò pọ̀, òun sì sọ waya tó lè gbé e. Ọkọ ọmọ ló ní kí àwọn ra yẹpẹrẹ, kí àwọn pín ìyókù owó Màmá. Pé ta ni yóò wo inú ògiri?

Nígbà tí wọ́n mú ọkọ ọmọ wọ àgọ́, níbi tí wọ́n pe ìyá ìyàwó sí, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú rẹ̀.

"Ẹ foríjì mí, Màmá. Mo rò pé kò ní gbiná kíákíá."

"Ìgbà wo lo fẹ́ kó tó gbiná?"

Wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́ níbi tó dọ̀bálẹ̀ sí. Ìyá mí kanlẹ̀. Láti ọjọ́ iná náà ló ti ń rò pé ọwọ́ ara òun lòun fi dáná sun ilé òun.

Ọmọ rẹ̀ gbé ẹrù ìyá rẹ̀ wọ ilé ńlá, kò sunkún. Ìyá bi í pé ibo lòun máa sùn.

"Lórí bẹ́ẹ̀dì mi, Màmá. Ẹ̀gbẹ́ kan ti ṣófo."