Ẹni Tó Bojú Sọ Òpin Fíìmù

"Akọni wo ló ń jẹ́ akọni tí kò pàdánù nǹkan kan rí?" Jomel fi ṣíbí lu etí abọ́ batsoy, ọbẹ̀ oní-núdùlù tó ń jẹ, bí adájọ́. "Fíìmù Alágogo mẹ́ta gbáko! Wọ́n yìnbọn fún un, wọ́n tì í ṣubú láti orí òkè, ilé wó lé e lórí. Kí ló ṣe é? Aṣọ lásán ló ya mọ́ ọn lára. Mi ò sì sọ ti ìkẹrin o, torí Maricor ò tíì wò ó. Ẹ lọ wo Irin Méje, ẹ ó rí akọni tó ń ṣẹ̀jẹ̀ bí èèyàn."

"Irin Méje?" Rizalyn pariwo. "Àwọn méje tí mi ò lè dárúkọ mẹ́ta nínú wọn? Ìlú ń jóná, wọ́n ń ṣẹ̀fẹ̀!"

"Ó kéré tán, wọ́n ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín. Alágogo tìẹ ńkọ́? Ojú ẹ̀ bí ojú ẹni tí ehín ń dùn."

Gbogbo tábìlì bú sẹ́rìn-ín. Maricor nìkan ni kò gbọ́, nítorí ó ti fi ìka di etí rẹ̀ méjèèjì, ó sì ń kọrin kan tí kò lórí tí kò nídìí. Àǹtí Lusing tó ni búkà náà gbé ìkòkò ọbẹ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

"Ẹ jẹun kó tó tutù," ó ní. "Ọjọ́ tí akọni yín bá wá bá mi fọ abọ́ ni n ó gbà pé akọni ni."

Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn ní gbogbo ọ̀sán tí ilé-ẹ̀kọ́ bá ti jáde ní àdúgbò Jaro. Àwọn mọ́kànlá ni wọ́n, ọmọ kíláàsì kẹwàá ni gbogbo wọn, ìfẹ́ fíìmù akọni ló sì so wọ́n pọ̀. Wọ́n ní ojú òpó kan lórí ẹ̀rọ ayélujára tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn ti ń wá bá wọn jiyàn. Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n jọ búra lé lórí. Ẹni tó bá ti wo fíìmù tuntun kò gbọdọ̀ sọ bó ṣe parí títí ẹni ìkẹyìn nínú wọn yóò fi wò ó. Jomel máa ń fi ìbúra náà ṣe yẹ̀yẹ́. "Fíìmù ni, kì í ṣe katikísìmù," ni ó máa ń wí. Síbẹ̀, kò tíì rú u rí.

Lọ́tẹ̀ yìí, Maricor ni ẹni ìkẹyìn. Inú ọkọ̀ òkun ni bàbá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lọ́dún ló sì ń wálé. Fíìmù Alágogo kìíní, ìkejì àti ìkẹta, òun àti bàbá rẹ̀ ni wọ́n jọ wò wọ́n, ní sinimá kan náà, ní ìlà àga kan náà. Ìkẹrin ti jáde láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá, bàbá kò sì tíì dé. Bí ilẹ̀ Kérésìmesì bá sì mọ́, gbogbo fíìmù òkèèrè yóò kúrò ní sinimá, fíìmù ilé nìkan ni wọn yóò máa ṣe títí ọdún tuntun yóò fi wọlé dáadáa. Ta ló mọ̀ bóyá Alágogo yóò tún padà? Ìdí nìyẹn tí Maricor fi pinnu pé òun kò ní pa Míísà ìdájí kan jẹ nínú mẹ́sàn-án tó ṣáájú Kérésìmesì. Wọ́n gbà pé ẹni tó bá lọ pé lè tọrọ ohun kan, yóò sì rí i gbà. Ohun tí ó fẹ́ tọrọ ni pé kí bàbá òun tètè dé.

Rizalyn ló máa ń bá a lọ. Láti kékeré ni wọ́n ti ń ṣọ̀rẹ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹtàdínlógún, Rizalyn jókòó sílé, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan láti òdìkejì odò ti ya bo ojú òpó wọn. "Alágogo tí kì í pàdánù," ni ọ̀kan kọ. "Fíìmù àwọn tó ṣì ń mu wàrà," ni èkejì kọ. Inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí Rizalyn. Ó ti wo ìkẹrin lẹ́ẹ̀mejì, ó mọ ohun tí Alágogo pàdánù. Gbólóhùn kan péré ló máa fi pa wọ́n lẹ́nu mọ́! Ṣùgbọ́n ìbúra ńkọ́?

Ó rántí pé òun ní orúkọ mìíràn. Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí wọ́n ń dìbò fún aṣọ akọni tó dára jù, ó ṣí orúkọ ayédèrú kan, Etí Òkun 88, kí ó lè dìbò lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí ẹni tó mọ̀. Ó wọlé pẹ̀lú rẹ̀, ó sì kọ ọ́: "Ẹ lọ wo ìkẹrin. Alágogo kú sínú òkun, ọmọbìnrin rẹ̀ ló gba agogo. Ẹ wá sọ pé kò pàdánù nǹkan kan."

Ojú òpó dákẹ́ lọ gbáà. Ìdákẹ́jẹ́ náà dùn mọ́ ọn. Ó ní òun á jẹ́ kí ó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré, lẹ́yìn náà òun á pa á rẹ́. Maricor kò kúkú ṣí ojú òpó náà láti ọjọ́ tí fíìmù ti jáde.

Ṣùgbọ́n láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn ni bàbá Maricor pè láti orí omi. Ọmọ náà gbàgbé ara rẹ̀ nínú ayọ̀, ó sáré ṣí ojú òpó náà láti sọ fún gbogbo ẹgbẹ́. Lábẹ́ ọ̀rọ̀ Etí Òkun 88 gan-an ni tirẹ̀ bọ́ sí: "Bàbá mi ń bọ̀ o! Ọjọ́ kejìlélógún! A ó bá fíìmù náà kó tó lọ!"

Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, ó tún kọ òmíràn: "Ta ló ṣe èyí?"

Rizalyn sáré pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́. Ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, lẹ́yìn Míísà, àwọn méjèèjì dúró nídìí ààrò ẹni tó ń ta bibingka, àkàrà ìrẹsì tí wọ́n ń yan sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ewé náà ń jó, èéfín rẹ̀ ń ta sánsán. Maricor kò jẹ nǹkan kan.

"Ta ni mo ṣẹ̀, Riza?" ó béèrè. "Bàbá mi tún pè lálẹ́ àná. Ó ní kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ nǹkan kan fún mi o. Mo ní kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Mo purọ́ fún bàbá mi! N ó jókòó tì í, n ó sì máa díbọ́n títí fíìmù á fi parí."

Rizalyn ń wo bibingka ọwọ́ rẹ̀.

"Wọ́n ní Jomel ni," Maricor ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Òun ni kò fẹ́ràn Alágogo, òun náà ló ń fi ìbúra wa ṣẹ̀sín. Ìwọ ńkọ́? Ṣé òun ni lójú tìẹ?"

Àyè rèé. Bí ó bá la ẹnu nígbà náà, ìbá ti parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀, ẹ̀rù sì bà á.

"Ó ṣeé ṣe," ó ní.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni wọ́n lé Jomel kúrò nínú ẹgbẹ́, níwájú Àǹtí Lusing. "Èmi kọ́," ni ó sọ. Ó tún un sọ. Ó wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, nígbà tó sì kan Rizalyn, Rizalyn tẹ orí ba abọ́ batsoy rẹ̀ bí ẹni tí ebi ń pa kú lọ. Wọ́n ní kò ní bá wọn ṣe eré Alágogo tí ẹgbẹ́ ń múra rẹ̀ sílẹ̀ fún Kérésìmesì ilé-ẹ̀kọ́ mọ́. Òun ló yẹ kó ṣe Alágogo nítorí gíga rẹ̀, òun ló sì fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbẹ́ agogo náà láti ara fóòmù, tó kùn ún ní ọ̀dà fàdákà. "Bí n ó bá fi í ṣe yẹ̀yẹ́," ni ó sọ nígbà náà, "ẹ jẹ́ kí n ṣe é dáadáa." Wọ́n gbé ipò rẹ̀ fún ẹni tó ga tẹ̀ lé e. Rizalyn ni.

Ní àárọ̀ ọjọ́ eré, Jomel gbé agogo náà wá nínú àpò ìrẹsì kan. Ó nà án sí Rizalyn láìkí i.

"Okùn apá òsì ò lágbára," ó ní. "Rọra máa fà á." Ó sì yíjú, ó lọ.

Eré náà dùn. Rizalyn dúró lórí pèpéle pẹ̀lú ìbòjú Alágogo lójú, ó ń rọra fa okùn bí Jomel ṣe sọ, omi sì ń dà lójú rẹ̀ lábẹ́ ìbòjú. Àwọn olùkọ́ ní kò tíì sí ọmọ tó mọ eré ṣe tó báyìí. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un títí ọwọ́ fi ń ta wọ́n.

Láti ọjọ́ náà, oúnjẹ kò dùn lẹ́nu rẹ̀. Ohun tí Jomel sọ ní búkà, pé òun kò ní sọ ti ìkẹrin torí Maricor ò tíì wò ó, ni kò kúrò létí rẹ̀. Gbogbo wọn ló gbọ́ ọ, kò sì sẹ́ni tó rántí. Ní ìdájí kọ̀ọ̀kan, yóò kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Maricor, ohun kan ṣoṣo ni yóò sì máa tọrọ: Ọlọ́run, má jẹ́ kí wọ́n mọ̀. Ní Míísà kẹfà, bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì ṣe dún, ojú tì í láti tọrọ rẹ̀. Báwo ni èèyàn ṣe lè bẹ Ọlọ́run kó bá òun bo irọ́? Ìtìjú bò ó látòkèdélẹ̀, kò sì lè dúró kí Míísà parí dáadáa kó tó fa Maricor síta lọ sídìí ààrò bibingka, níbi tí wọ́n ti ra tíì.

"Èmi ni," ó ní. "Èmi ni Etí Òkun 88."

Maricor kọ́kọ́ rò pé eré ni. Nígbà tó rí i pé kì í ṣe eré, ó rọra gbé ife tíì ata ilẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ìwọ tí o bá mi dúró níbí? Ìwọ tí mo bi léèrè lójúkojú?"

"Maricor, jọ̀ọ́..."

"Má pe orúkọ mi."

Ó lọ. Rizalyn délé, ó fi orúkọ ara rẹ̀ kọ òtítọ́ sí ojú òpó: ohun tó ṣe, ìdí tó fi ṣe é, àti pé Jomel kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Wọ́n bú u bí ẹni láyin. Wọ́n pè é ní ọ̀dàlẹ̀, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó ka gbogbo èébú náà tán, kò fèsì sí ọ̀kankan.

Òun nìkan ló dá lọ Míísà yòókù, Maricor kò bá a lọ mọ́. Ní ìdájí Míísà kẹsàn-án, ó bá ọkùnrin kan tí oòrùn òkun ti sọ dúdú lẹ́nu géètì ṣọ́ọ̀ṣì. Ó mọ̀ ọ́n kíá. Ó mú ọwọ́ ọkùnrin náà, ó gbé e kan iwájú orí ara rẹ̀, bí ọmọdé ibẹ̀ ṣe ń kí àgbà.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ kú àbọ̀."

"Ìwọ ni mo ń dúró dè," ni bàbá Maricor wí. "A lọ wo fíìmù náà lánàá. Kí a tó wọlé, ọmọ mi bú sẹ́kún, ó ní òun ti mọ òpin rẹ̀, òun sì purọ́ fún mi. Mo ní, ọmọ mi, èmi náà ti mọ̀ ọ́n! Kúùkù wa ló sọ ọ́ nínú ọkọ̀ níjọ́ kan tó ń bó àlùbọ́sà. Èmi náà ti ń wá bí n ó ṣe díbọ́n." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà kò sì pẹ́. "Má rò pé mo wá tù ọ́ nínú o. Inú ọmọ mi ò tíì yọ́ sí ọ, mi ò sì ní fipá mú un. Ọmọkùnrin tí wọ́n fi ìyà rẹ jẹ ni mo fẹ́ béèrè. Ṣé o ti lọ bá a?"

"Mo ti kọ ọ́ sí ojú òpó, sà."

"Mi ò bi ọ́ ní ohun tí o kọ. Ṣé ó ti rí ojú rẹ?"

"Rárá, sà," ni Rizalyn wí.

Láti ṣọ́ọ̀ṣì, ó gba ilé lọ gbé agogo náà, ó sì forí lé ilé Jomel. Jomel ń gbálẹ̀ níwájú ilé, ó ń kó ewé jọ. Ó rí i, kò sì dá ọwọ́ dúró.

"Mo wá tọrọ àforíjì," Rizalyn ní. "Mo dá agogo rẹ padà. Mi ò jẹ́ kí okùn náà já."

Jomel wá dúró. Ó gba agogo náà, ó yẹ okùn apá òsì wò.

"Ohun tí o kọ ò dùn mí," ó ní. "Ìbínú lè mú ẹnikẹ́ni kọ ọ́. Ohun tó dùn mí ni pé nígbà tí mo ní èmi kọ́, ẹnì kan wà lórí tábìlì yẹn tó mọ̀ pé òótọ́ ni mo ń sọ. O sì jẹ batsoy rẹ tán."

"Jomel, mo mọ̀. Má bínú."

"Mo ti gbọ́." Ó gbé agogo náà wọlé. Nígbà tó jáde, ó tún mú ìgbálẹ̀ rẹ̀. "A ó rí i bó ṣe máa rí tí a bá wọlé ní oṣù Kìíní," ó ní, ó sì ń gbálẹ̀ lọ.

Rizalyn rìn padà sílé láàárín ariwo Kérésìmesì. Ó ti lọ Míísà mẹ́sẹ̀ẹ̀sán pé, ṣùgbọ́n kò tọrọ ohun kan tí ẹni tó lọ pé lè tọrọ. Ohun tó yé e lójú ọ̀nà ni pé àwọn akọni tó fẹ́ràn máa ń bojú kí wọ́n lè ṣoore láìwá ìyìn, òun sì bojú kí òun lè ṣèkà láìjìyà rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí èèyàn kò bá lè fi orúkọ ara rẹ̀ sọ, kí ó má sọ ọ́. Bó bá sì ti sọ ọ́, kó tètè jẹ́wọ́ kí ìyà rẹ̀ tó ṣubú lé ẹlòmíràn. Alẹ́ ọjọ́ náà ni ó pa Etí Òkun 88 rẹ́. Ìṣẹ́jú kan ni ó gbà á. Ìrẹ́pọ̀ òun àti Maricor kò tètè padà bẹ́ẹ̀. Ọdún mìíràn fẹ́rẹ̀ẹ́ parí kí Maricor tó tún pè é ní Riza.