Ìjàpá Tó Ń Gun Alùpùpù

Ẹrẹ̀ ti bo aṣọ́gbó kan dé orúnkún lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọ ọ́fíìsì kan, ó sì gbé ìjàpá kan mọ́ àyà bí ọmọ tuntun. Ẹ̀rín pa ọmọbìnrin tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà.

"Ẹ jọ̀ọ́, akọ ni àbí abo?"

"Abo ni. Òun ló rẹwà jù nínú igbó. Mi ò tíì mọ̀ pé ti ọ́fíìsì jù ú lọ."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn o.

Ọmọbìnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ di aṣàyẹ̀wò détà ní ọ́fíìsì náà, tó ń dáàbò bo ẹranko igbó. Aṣọ́gbó á lẹ ẹ̀rọ kékeré mọ́ ẹ̀yìn ìjàpá, ẹ̀rọ á máa sọ ibi tó ń rìn dé, òun á sì yà á sórí máàpù. Wọ́n ṣì ń dán ọmọbìnrin náà wò lẹ́nu iṣẹ́ ni. Bàbá rẹ̀ ò sì fara mọ́ iṣẹ́ náà rárá.

"Mo rán ẹ nílé ìwé, o wá ń ṣọ́ ìjàpá! Bí wọn ò bá gbà ẹ́ pátápátá, iṣẹ́ báǹkì lo máa lọ ṣe."

Ojoojúmọ́ ni aṣọ́gbó ń wá ìdí kan tó máa fi dúró létí tábìlì rẹ̀. Ó ń pè é ní Oníṣirò, ọmọbìnrin náà sì ń pè é ní Ẹlẹ́rẹ̀. Ìfẹ́ ti wọ ọkùnrin náà lára, àmọ́ ẹ̀rù bàbá ọmọ ń bà á.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n ṣèpinnu lórí iṣẹ́ rẹ̀, détà ya wèrè. Lórí máàpù, gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni ìjàpá ń sáré jáde nínú igbó, tó ń wọ ìgboro. Ọmọbìnrin náà tún ìṣirò náà ṣe títí, kò yí padà.

"Ọmọ mi," ọ̀gá wọn obìnrin wí nípàdé, "ìjàpá kì í gun alùpùpù. O ti ṣi ìṣirò ṣe."

"Mà, ẹ jẹ́ kí n fẹ̀ ẹ́ kẹ́ ẹ rí i."

Ó fẹ máàpù náà sára ògiri. Ìjàpá ń yí ilé kan po, á dúró lẹ́nu géètì, á tún yí i po. Ọmọbìnrin náà dá ilé náà mọ̀. Ilé bàbá rẹ̀ ni!

Aṣọ́gbó, tóun náà wà nípàdé, lè dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Àmọ́ ó rí omi tó lé ròrò lójú Oníṣirò. Ó dìde.

"Mà, ìṣirò rẹ̀ pé. Ẹ̀rọ yẹn já bọ́ lẹ́yìn ìjàpá, mo sọ ọ́ sínú àpò mi kí n lè tún un lẹ̀, mo bá gbàgbé. Èmi ni mò ń gun alùpùpù."

"Kí lò ń wá nílé onílé?"

"Mo fẹ́ wọlé kí bàbá Oníṣirò ni, mà. Ẹsẹ̀ mi ló ń kọ̀."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú. "Oníṣirò, iṣẹ́ ti di tìrẹ. Ìwọ, lọ wá ìjàpá mi jáde!"

Àwọn méjèèjì ló jọ wá a rí lẹ́bàá odò. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọmọbìnrin fa Ẹlẹ́rẹ̀ lọ́wọ́ wọ géètì. Bàbá wò ó tòkè tilẹ̀.

"Ṣé ìwọ nìyẹn? Àwọn aládùúgbò ti ń rò pé olè ni ẹ́."

"Ẹ má bínú, sà."

"Jókòó, jàre."

Kí ọdún tó yí, àwọn méjèèjì tún wà lẹ́bàá odò yẹn. Ẹlẹ́rẹ̀ yọ ẹ̀rọ tuntun jáde.

"Oníṣirò mi, so eléyìí mọ́ mi lọ́rùn, kí o lè máa mọ ibi tí mo bá wà títí ayé."

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó dá a padà sí i lọ́wọ́, ó sì di ọwọ́ náà mú.

"Lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìjàpá. Ilé kan náà la ó jọ máa padà sí."