Ọ̀nà Kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Báwo ni ènìyàn ṣe lè rìn kọjá láàárín kámẹ́rà mẹ́sàn-án tí kì í ṣẹ́jú, kí ọ̀kankan má rí i?

Ìbéèrè yìí ni Ìńsípẹ́kítọ̀ Mutmainah gbé wọ yunifásítì àdáni kan lẹ́yìn Àgbówó. Lọ́sàn-án Sátidé, wọ́n jí fáìlì kan gbé ní ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà. Sùrájù ẹ̀ṣọ́ nìkan ni kámẹ́rà rí tó wọ ilé náà láàárín agogo méjìlá sí méjì. Òun náà ni wọ́n tì mọ́lé ní Bódìjà. Bí ilẹ̀ bá mọ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kóòtù ló kàn.

"Ilẹ̀kùn ni mo lọ yẹ̀ wò," ni ó wí láti ẹ̀yìn irin. "Màdáámù, ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Ẹ ṣáà máa wò ó."

Ọ̀mọ̀wé Gbádérọ̀, olùkọ́ ìṣirò níbẹ̀, ló fi ìṣirò yan ibi tí wọ́n gbé kámẹ́rà sí: kí wọ́n kéré níye, síbẹ̀ kí wọ́n rí gbogbo ọ̀nà. Ó ní kò sí ibi tí ojú wọn kò tó, ó sì tẹ́ àkọsílẹ̀ àwọn ọ̀nà náà síwájú Mutmainah. Mutmainah kà á jẹ́jẹ́. Láti orí ìkẹrìndínlọ́gbọ̀n, òǹkà fò sí ìkejìdínlọ́gbọ̀n.

Ìrẹ̀mídé, akẹ́kọ̀ọ́ tí ìwé ẹ̀sùn tó kọ nípa Gbádérọ̀ wà nínú fáìlì yẹn, ti sọ tirẹ̀ fún Mutmainah: òun ló ṣe ìṣirò náà, kámẹ́rà mẹ́wàá ni ìdáhùn òun, Ọ̀mọ̀wé yọ ọ̀nà kan kúrò kí mẹ́sàn-án lè tó, ó wá fi orúkọ ara rẹ̀ sí i.

Nírọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, Mutmainah pe Gbádérọ̀ wá sí àgọ́ ọlọ́pàá, ó sì ní kí wọ́n mú Sùrájù jókòó tì í.

"Ọ̀mọ̀wé, ìṣirò yín kò ní àléébù?"

"Kò ní."

"Ó dáa. Kámẹ́rà rí yín tí ẹ wọ ilé ìmọ̀ ìṣirò ní agogo méjìlá. Ní agogo méjì, ó rí yín nídìí ọkọ̀ yín, lẹ́yìn ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà. Láàárín méjèèjì, ẹ kò sí lójú ọ̀nà kankan. Bí ìṣirò yín bá pé, a jẹ́ pé ẹ fò ni."

"Ọ̀mọ̀wé ti di ẹyẹ," ni Sùrájù wí.

"Bí ẹ kò bá sì fò, ọ̀nà kan wà tó dé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ọ́fíìsì náà, tí kámẹ́rà kò rí, tí ẹ̀yin sì mọ̀. A jẹ́ pé òótọ́ ni Ìrẹ̀mídé sọ, ẹ sì ní ìdí láti jí fáìlì náà. Ọ̀nà wo lẹ gbà?"

Gbádérọ̀ wo ìwé òǹkà, ó wo irin ojú fèrèsé. Ibi tó bá yà sí, ìṣirò ara rẹ̀ ló dúró dè é níbẹ̀.

"Àbùjá ni," ó wí níkẹyìn. "Àárín igi tíìkì. Kámẹ́rà mẹ́sàn-án kò tó."