Abẹ́rẹ́ Aránṣọ Kọ́ Ni Abẹ́rẹ́ Ìjàpá

Ara aránṣọ kò lélẹ̀ láti àárọ̀. Ó jókòó sídìí ẹ̀rọ, ó dìde. Ó tún jókòó, ó tún dìde. Ìjàpá tí ìyá rẹ̀ olóògbé fi sílẹ̀ fún un wà nínú báàfù lábẹ́ tábìlì. Ó ń mí hẹlẹ, kò jẹun.

Bàbá àwọn ọmọ ló fi oògùn tí dókítà ẹran fún wọn gún ìjàpá náà lábẹ́rẹ́ lánàá kó tó rìnrìn-àjò. Tòní ti di ọwọ́ aránṣọ, ìyàwó rẹ̀.

"Ṣé èmi ni abẹ́rẹ́ máa dẹ́rù bà?" ó ń dá sọ̀rọ̀. "Ṣebí òun ni mo fi ń jẹun!"

Ó fa abẹ́rẹ́ àná yọ lára tìmùtìmù kékeré tó ń gún abẹ́rẹ́ ìránṣọ mọ́, ó fi àjákù aṣọ nù ún, ó fi í sẹ́nu sìríǹjì. Ìjàpá ti fa ẹsẹ̀ iwájú wọlé, tẹ̀yìn nìkan ló wà níta.

"Ẹsẹ̀ kúkú ni gbogbo ẹ̀," ló wí, ló bá dì í mú.

"Ẹ dúró níbẹ̀!"

Dókítà ẹran tó fún wọn lóògùn ló wọlé yẹn. Aṣọ tó gbé wá rán ló fẹ́ gbà.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé kì í ṣe abẹ́rẹ́ àná nìyẹn?"

"Òun ni. Ó ṣì mú dáadáa."

"Ó mú, àmọ́ ó ti dọ̀tí! Á kó àrùn sí i lára. Ẹ sì fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ lè kọ́kọ́ gba inú kíndìnrín kọjá. Oògùn lè ba kíndìnrín jẹ́, tàbí kó bá ìtọ̀ jáde láì ṣiṣẹ́."

Aránṣọ yára fi ẹsẹ̀ náà sílẹ̀. "Mo gbé! Ǹ bá fọwọ́ ara mi pa ohun tí ìyá mi fi sílẹ̀."

"Ẹ ò tíì gún un, ẹ má sunkún."

Wọ́n fi ọṣẹ fọwọ́, wọ́n dúró kí ìjàpá yọ ẹsẹ̀ iwájú. Aránṣọ kò lè mú un mọ́ra. "Ṣé ká kúkú fa ẹsẹ̀ náà jáde?"

"Tẹ́ ẹ bá ṣẹ́ ẹ ńkọ́?"

Nígbà tó yá, ìjàpá yọjú, ó na ẹsẹ̀ iwájú. Dókítà rọra dì í mú, aránṣọ sì fi abẹ́rẹ́ tuntun tí dókítà yọ nínú àpò rẹ̀ gún un ní òkè ẹsẹ̀ náà.

"Lọ́la, ẹ bọ́ sí ẹsẹ̀ iwájú kejì."

Ló bá di pé ọwọ́ aránṣọ tún ń gbé abẹ́rẹ́ lọ sára tìmùtìmù. Dókítà wúkọ́. Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sin ìjàpá, ẹ jẹ́ kí dókítà ẹran kọ́ yín kẹ́ ẹ tó gún un. Ìwọ̀n oògùn tó bá sọ ni kẹ́ ẹ lò. Abẹ́rẹ́ tuntun nígbà gbogbo, ẹsẹ̀ iwájú ni kẹ́ ẹ gún, ẹ sì fi ọṣẹ fọwọ́ ṣáájú àti lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ ju abẹ́rẹ́ tó ti ṣiṣẹ́ sínú ike líle tó ní ìdérí, kí ọmọdé má baà fi gún ara rẹ̀. Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ìjàpá ti ń jẹ ewé báyìí. Aránṣọ náà ti ráyè jókòó.