Àwọn Tó Ń Sá Aṣọ Lórí Ilé Sornam

Ẹni tó bá wù lè pè é ní àlá ọ̀sán. Ṣùgbọ́n Sornam kì í purọ́, ọkọ rẹ̀ tí wọ́n sì jọ fojú rí i kò fẹnu kan ọtí rí. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí.

Ó ku ọ̀la kí òun àti Thangavel ọkọ rẹ̀ kó kúrò ní Tiruchirapalli ní ilẹ̀ India, kí wọ́n lọ máa gbé lọ́dọ̀ Elango, ọmọ wọn, ní Chennai. Wọ́n gun àpáta ńlá tó wà láàárín ìlú lọ dágbére fún Pillaiyar, òrìṣà olórí erin, tí tẹ́ńpìlì rẹ̀ ti wà lókè níbẹ̀ kí wọ́n tó bí baba ńlá ẹnikẹ́ni ní ìlú náà. Sornam ò fẹ́ lọ. Ilé yẹn ni wọ́n mú un wá ní ìyàwó. Ibẹ̀ ló ti tọ́jú ìyá ọkọ rẹ̀ títí ìyẹn fi kú. Kò sí ìdájí kan tí kì í gbálẹ̀ iwájú ilé náà, kó sì fi ìyẹ̀fun ìrẹsì ya òdòdó sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Tí wọ́n bá lọ tán, ilé á ṣófo. Èyí ni kò jẹ́ kó rí oorun sùn.

"Orúnkún yín ńkọ́, Bàbá Elango?" ló bi ọkọ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

"Ó wà níbẹ̀. Tìrẹ ńkọ́?"

"Tèmi ti dákẹ́. Ó mọ̀ pé mi ò ní dá a lóhùn."

Lókè, àlùfáà fọ́ àgbọn fún wọn, ó sì fi eérú sí wọn níwájú orí. Sornam fẹ́ tọrọ nǹkan, ọ̀rọ̀ ò wá sí i lẹ́nu. Ó pa ọwọ́ pọ̀ lásán, ó jáde.

Oòrùn ti ń rọ̀. Gbogbo ìlú tẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ wọn títí dé etí odò Kaveri. Wọ́n fara ti ògiri, wọ́n ń wá ilé wọn bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nígbà tí Elango wà ní kékeré. Wọ́n wo ibi ilé sinimá, wọ́n wo òpó iná ńlá, wọ́n rí táǹkì omi búlúù tó wà lórí ilé wọn.

Ariwo ìlú ṣàdédé rọlẹ̀. Kò sí fèrè ọkọ̀. Kò sí agogo.

"Bàbá Elango, ṣé ẹ tilẹ̀kùn?"

"Mo tì í. Kọ́kọ́rọ́ rèé lọ́wọ́ mi."

"Ta wá nìyẹn?"

Obìnrin kan wà lórí òrùlé wọn tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó ń sá aṣọ. Sárì aláwọ̀ ewé ló wọ̀. Sornam wo ara rẹ̀. Aláwọ̀ ewé ni tirẹ̀ náà. Ọkùnrin kan jókòó lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin náà, ó na ẹsẹ̀ kan síwájú. Ó jìnnà ju kí èèyàn dá ojú mọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ìyàwó wo ni kò mọ ìjókòó ọkọ rẹ̀?

Obìnrin náà sọ nǹkan kan. Ọkùnrin náà dorí sẹ́yìn, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí Sornam ti rí irú ẹ̀rín yẹn.

Lẹ́yìn náà, àwọn méjèèjì kọjú sí àpáta. Wọ́n gbọ́wọ́ sókè.

Thangavel gbé tirẹ̀ náà sókè.

"Kí lẹ ń ṣe?"

"Wọ́n kí wa," ni ọkọ rẹ̀ wí.

Wọ́n sọ̀kalẹ̀, wọ́n gba ilé lọ. Kayal, ìyàwó ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn, ń já ewé ọbẹ̀ nídìí fẹ́ńsì.

"Màmá, ẹ ti sọ̀kalẹ̀ látorí ilé. Mi ò mọ̀ pé Bàbá máa ń ṣàwàdà. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí."

"Àwàdà wo?"

"Èyí tí wọ́n ṣe lórí ilé yín láìpẹ́ yìí." Ó wá rí eérú níwájú orí wọn, ó rí eruku lẹ́sẹ̀ wọn. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Níbo lẹ ti ń bọ̀?"

"Orí àpáta."

Kayal kó ewé rẹ̀, ó wọlé.

Ilẹ̀kùn ṣì wà ní títì bí wọ́n ṣe fi í sílẹ̀. Lórí òrùlé, wọ́n bá aṣọ tó ti gbẹ, tí wọ́n ti ká dáadáa, tí òórùn oòrùn ṣì wà lára rẹ̀. Wọ́n bá ife kọfí méjì. Ìdí wọn ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Thangavel tọ́ èyí tó kù nínú ọ̀kan wò kí ìyàwó rẹ̀ tó lè dá a dúró.

"Ṣúgà pọ̀ nínú ẹ̀," ló wí. "Bí o ṣe máa ń ṣe é fún mi kí dókítà tó kà á léèwọ̀."

Ẹ̀rù ba Sornam. Kò jiyàn pé ẹ̀rù bà á. Síbẹ̀, ó sùn lálẹ́ ọjọ́ náà bí ọmọ ọwọ́.

Láàárọ̀, nígbà tí mọ́tò tó máa gbé wọn dé ìdíkọ̀ ọkọ̀ ojú irin ti ń dúró, ó tú ẹrù. Ó yọ ìkòkò ìrẹsì, ó dá a padà sí ilé ìdáná. Ó fi òróró àti ìrẹsì díẹ̀ tì í. Thangavel ń wò ó. Òun náà yọ ìrọ̀rí rẹ̀, ó gbé e padà sórí bẹ́ẹ̀dì.

"Kí la máa sọ fún Elango?"

"Kí lẹ rí tẹ́ ẹ fẹ́ sọ?"

Chennai gbà wọ́n. Ọmọ ọmọ wọn ò jẹ́ kí bàbá rẹ̀ àgbà sinmi, inú bàbá sì dùn sí i. Ó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Kayal pè. Jẹ́ẹ́jẹ́ ló ń sọ̀rọ̀.

"Màmá, ṣé Chennai lẹ wà lóòótọ́?"

"Ibẹ̀ ni mo wà, ọmọ mi."

"Ẹnì kan dúró tì mí nídìí fẹ́ńsì. Wọ́n ní kí n fún àwọn ní fóònù."

Sornam tẹ́tí. Ó gbọ́ igbe ẹyẹ ìwò. Ó gbọ́ tí aṣọ ń fẹ́ lórí okùn. Lẹ́yìn náà ó gbọ́ ohùn obìnrin àgbà kan, ohùn tó ti ń gbọ́ lẹ́nu ara rẹ̀ látọjọ́ tó ti dáyé.

"Ṣé ẹ ti jẹun?" ni ohùn náà béèrè.

Ó wo Thangavel tó ń tòògbé lórí àga, tí ọmọ sùn lé e láyà.

"A ti jẹun," ni Sornam wí. "Ẹ̀yin náà ńkọ́?"

"A ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán ni."