Èló Lẹ Máa San Kí Mọ́tò Má Baà Ṣe Yín Léṣe?

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ yẹn, epo mi ń hó, mo ń din ọ̀gẹ̀dẹ̀ gígún tí mo fi wàràkàṣì há nínú. Búkà mi wà létí kọ́nà abúlé wa, Paso Lechuza, lójú títì tó lọ sí ìlú Chone. Kò sí mọ́tò tó ń rọra níbẹ̀. Auxiliadora ni orúkọ mi, ṣùgbọ́n Ìyá Nayeli ni gbogbo àdúgbò ń pè mí.

Ọmọbìnrin kan wọlé. Ó wọ àwọ̀lékè aláwọ̀ ọsàn, ó gbé fóònù fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan dání, ó ń rẹ́rìn-ín. Ohùn ẹ̀ jọ ti àwọn ará orí òkè, àwọn tó máa ń rọra sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọmọ ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bu kọfí. Mo sì fẹ́ bi yín ní ìbéèrè díẹ̀.”

“Bi mí, ọmọ mi. Ọwọ́ mi ló dí, ẹnu mi ò dí.”

“Èèyàn mélòó lẹ wà nílé?”

“Mẹ́ta. Èmi, Ulbio ọkọ mi, àti Nayeli ọmọ wa.”

“Ṣé Nayeli máa ń sọdá títì yìí lọ síléèwé?”

“Lójoojúmọ́ ni.”

“Ṣé mọ́tò ti ṣe ẹnikẹ́ni léṣe rí nínú ilé yín?”

Mo sọ fún un pé kẹ̀kẹ́ márúwá ni Ulbio ń wà, pé bọ́ọ̀sì kékeré kan gbá a lásìkò ọdún Carnival, apá ọ̀tún ẹ̀ sì ṣẹ́. Apá náà ti jinná, ṣùgbọ́n tí òjò bá ti ṣú, á bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó.

Ó tẹ gbogbo ẹ̀ sínú fóònù. Ó gbójú sókè, ó tún rẹ́rìn-ín.

“Mà, èló lẹ máa lè san lóṣooṣù kí irú ẹ̀ má baà tún ṣẹlẹ̀ sí yín, tàbí sí Nayeli?”

Háà! Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ẹ kúkú mọ bí ìlú ṣe rí. Àwọn jàǹdùkú á wọ ṣọ́ọ̀bù èèyàn, wọ́n á kí i tẹ̀ríntẹ̀rín, wọ́n á béèrè ọkọ, wọ́n á béèrè ọmọ, wọ́n á wá ní kó máa san iye báyìí lóṣù kí nǹkan kan má baà ṣe wọ́n. Àjẹsára ni wọ́n ń pe owó náà. Àwọn fúnra wọn sì ni àìsàn. Torí ẹ̀ ni oníbúrẹ́dì wa ṣe ti ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ pa, tá ò mọ ibi tó gbà lọ títí dòní.

“Ẹ… ẹ jẹ́ kí n rò ó ná.”

“Kò burú, Mà. Mo máa padà wá lọ́la.”

Mo máa padà wá lọ́la! Ohun tí gbogbo wọn máa ń sọ nìyẹn. Ó mu kọfí ẹ̀ tán, ó sanwó, ó dúpẹ́, ó bá tiẹ̀ lọ. Kò tiẹ̀ wá sí mi lọ́kàn pé jàǹdùkú wo ló ń sanwó kọfí. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi ti jóná.

Mo sáré lọ bá Eleuterio, fọ́kánáísà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ búkà mi. Táyà wà láàárín ẹsẹ̀ ẹ̀, kò tú u, kò lẹ̀ ẹ́, ó kàn jókòó tì í.

“Ó ti débí?” ni mo bi í.

“Ìyá Nayeli, ó bi mí pé ọmọ mélòó ni mo ní, mo sì sọ fún un! Ẹnu mi yìí, ẹnu mi yìí!”

“Èló lo ní o máa san?”

“Ogún dọ́là.”

“Ogún kẹ̀! Ìwọ tó jẹ́ pé táyà kan lò ń lẹ̀ láti àárọ̀?”

“Ẹ̀rù ló sọ̀rọ̀, kì í ṣe èmi. Mo tiẹ̀ na owó tó wà lọ́wọ́ mi sí i, ó lóun kì í gbowó, pé kí n ṣáà sọ iye ẹ̀.”

“Kò gbà á?”

“Kò gbà á!”

A wo ara wa. Jàǹdùkú tí kì í gbowó, ọ̀rọ̀ náà wá rú wa lójú pátápátá.

“Á jẹ́ pé ẹlòmíì ló máa wá gbà á,” ni mo wí.

“Yéè! Ẹlòmíì yẹn gan-an lẹ̀rù ẹ̀ ń bà mí.”

Nígbà tí Ulbio dé nírọ̀lẹ́, mo rò ó fún un. Kò jẹ́ kí n parí ẹ̀.

“Ṣé ó mú ìbọn dání?”

“Kọfí ló mu.”

“Mo ní ṣé ó mú ìbọn dání!”

“Ulbio, mo ní kọfí ló mu!”

Ó ń lọ, ó ń bọ̀. Ó ní a máa san. Kò pẹ́, ó ní a ò ní san kọ́bọ̀, pé tá a bá san lẹ́ẹ̀kan, a di ẹrú wọn nìyẹn. Èmi náà ò mọ èyí tí mo fẹ́. Mo pe Monserrate àbúrò mi, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn abúlé wa ṣùgbọ́n tó ń gbé ní Chone. Fóònù ẹ̀ ò lọ.

Níkẹyìn, Ulbio jókòó, ó fọwọ́ lérán.

“Di ẹrù ọmọ. Bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ lọ́la, a máa gbé e lọ sọ́dọ̀ ìyá mi ní El Carmen. Èyí tó bá máa ṣe àwa kó ṣe wá. Kò gbọdọ̀ sí ohun tó máa ṣe Nayeli.”

Ìyẹn nìkan ni ẹnu wa kò lórí.

“Mọ́mì, kí ni mo ṣe?” Nayeli ló ń béèrè, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án.

“O ò ṣe nǹkan kan, ọmọ mi.”

“Ta ló wá máa fún adìẹ mi lóúnjẹ?”

“Èmi ni.”

“Ẹ máa ń gbàgbé!”

Mo fà á mọ́ra. Ẹkún ni mo fi di ẹrù náà.

Ilẹ̀ mọ́, kùrukùru bolẹ̀. Òdìkejì títì ni bọ́ọ̀sì El Carmen ti máa ń dúró. A gbọ́ ìró ẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, la bá sáré. Ulbio gbé àpótí, èmi gbé báàgì àti agbọ̀n oúnjẹ. Ojú mi ò kúrò lẹ́yìn, mò ń wò bóyá ẹnì kan ń tẹ̀ lé wa. Mo rò pé Ulbio ló di ọwọ́ Nayeli mú. Ulbio rò pé èmi ni.

Bàtà ọmọ bọ́ láàárín títì. Ó padà lọ mú un.

Tírélà ọlọ́gẹ̀dẹ̀ kan já ní kọ́nà, fèrè ẹ̀ ń dún bí ìgbà tí ayé fẹ́ parẹ́. Mo pariwo. Ulbio ju àpótí sílẹ̀, ó fò, ó gbá ọmọ náà láṣọ mú, àwọn méjèèjì yí gbirigbiri bọ́ sínú gọ́tà. Tírélà gun orí àpótí náà kọjá. Kò dúró.

Aṣọ Nayeli fọ́n káàkiri ojú títì. Ṣòkòtò iléèwé ẹ̀ wà níbí, ìbọ̀sẹ̀ wà lọ́hùn-ún. Mo jókòó sórí ilẹ̀.

Bọ́ọ̀sì dúró. Ta ló sọ̀ kalẹ̀? Monserrate, tó ń bọ̀ láti Chone wá síbi iṣẹ́. Ó sáré bọ́ sí gọ́tà, ó yẹ ọmọ wò látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Orúnkún ẹ̀ nìkan ló bó. Ó tẹ apá Ulbio, ìyẹn figbe ta, ṣùgbọ́n kò ṣẹ́.

Ìgbà yẹn ló tó kọjú sí mi. “Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ̀ ń fi àpótí ṣe lójú títì láàárọ̀ kùtù?”

“À ń gbé Nayeli sá lọ!”

“Ẹ̀ ń sá fún ta ni?”

“Fún àwọn tó fẹ́ ṣe é léṣe!”

Ó wo àpótí tó ti fọ́ pẹ́tẹ́pẹ́tẹ́. Ó wò mí. “Ta ló wá fẹ́ ṣe é léṣe báyìí?”

Mo sunkún sọ ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin aláwọ̀lékè náà fún un. Mi ò tíì dé ìdajì tó fi lu ọwọ́ méjèèjì pọ̀.

“Jazmín! Jazmín Quizhpe, ará Cuenca lórí òkè! Ó ti wá sí ilé ìwòsàn wa lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ojú títì ìpínlẹ̀ wa ló rán an níṣẹ́. Kì í ṣe jàǹdùkú, ìwádìí ló ń ṣe.”

“Ìwádìí wo ló ń béèrè iye tí mo máa san?”

Kí ó tó dáhùn, Jazmín fúnra ẹ̀ ti ń bọ̀ lọ́nà búkà. Ó rí aṣọ lójú títì, ó rí ọmọ tí orúnkún ẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀. Nígbà tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó bú sẹ́kún.

“Ẹ dárí jì mí. Mo rò pé ó yé yín ni.”

Monserrate ò gbè é. “Àbúrò mi, níbí, èèyàn kì í wọlé onílé kó ní èló ló máa san kí ọmọ ẹ̀ má baà fara pa. Káàdì rẹ lo máa kọ́kọ́ fi hàn. O máa sọ ẹni tó rán ẹ. O máa sọ fún wọn pé o ò gbowó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, pé ẹni tí kò bá fẹ́ dáhùn lè má dáhùn.”

“Ẹ ò parọ́, Mà.”

A wọ búkà. Mo da kọfí fún gbogbo wa. Eleuterio náà wá, ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà bóyá ó máa nílò láti sá.

“Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹ̀ dáadáa,” ni Jazmín wí. “Ìgbìmọ̀ fẹ́ tún àwọn kọ́nà burúkú ṣe. Wọ́n fẹ́ ṣe bọ́ǹpù, irin ẹ̀gbẹ́ títì, àti ibi tí àwọn ọmọdé á máa gbà sọdá. Ṣùgbọ́n owó tó wà ò lè kárí gbogbo kọ́nà. Wọ́n ní láti mọ̀ bóyá èrè iṣẹ́ náà ju ìnáwó ẹ̀ lọ. Sìmẹ́ńtì ní iye tí wọ́n ń tà á. Irin ní iye. Apá Bàbá Nayeli tó ṣẹ́ ńkọ́, èló ni?”

“Wọ́n mọ iye tí mo ná sí i nílé ìwòsàn,” ni Ulbio wí.

“Ìyẹn nìkan ni wọ́n ń kà tẹ́lẹ̀, àti owó iṣẹ́ tẹ́ ẹ pàdánù. Ìrora ńkọ́? Oorun tẹ́ ò rí sùn? Àyà yín tó ń já nígbàkigbà tí ọmọ yín bá fẹ́ sọdá? Kò sí lọ́jà, ẹnikẹ́ni ò mọ iye ẹ̀. Ohun tí wọn ò bá sì mọ iye ẹ̀, bí òdo ni wọ́n ṣe ń kà á. Ìdí nìyẹn tá a fi ń bi àwọn èèyàn pé, ká ní owó ni wọ́n fi ń dín ewu yẹn kù, èló ni wọ́n máa gbà láti yọ sílẹ̀? Ẹnikẹ́ni ò ní wá gbà á.”

“Á jẹ́ pé ẹ̀ ń díye lé ẹsẹ̀ ọmọ mi!”

“Rárá, sà. Kò sẹ́ni tó lè díye lé ẹsẹ̀ Nayeli. Iye tẹ́ ẹ lè fi sílẹ̀ kí ewu náà dín kù là ń wá.”

Ulbio ò tíì gbà. “Olówó máa ní ọgọ́rùn-ún dọ́là, èmi máa ní méjì. Ṣé ẹsẹ̀ tiẹ̀ wá ju tèmi lọ ni?”

Mo rí i pé Jazmín fẹ́ràn ìbéèrè yẹn. “A máa da ìdáhùn gbogbo èèyàn pọ̀, a máa pín in dọ́gba. Iye kan náà la máa kọ fún olówó àti tálákà.”

“Ó dáa. Òdo ni tèmi. Ìjọba ló yẹ kó ṣe é.”

“Ṣé pé ẹ ò fẹ́ kí wọ́n tún kọ́nà náà ṣe ni, àbí pé kò yẹ kẹ́ ẹ sanwó ẹ̀?”

“Kí n má fẹ́ ẹ kẹ̀? Lẹ́yìn ohun tí ojú mi rí láàárọ̀ yìí?”

“Ẹ wá sọ ìyẹn fún mi kí n kọ ọ́ mọ́ ọn. Tẹ́ ẹ bá ní òdo tẹ́ ẹ dákẹ́, ohun tí wọ́n máa rò ni pé kọ́nà náà ò dùn yín.”

Eleuterio nawọ́ sókè bí ọmọ iléèwé. “Ogún dọ́là mi ńkọ́?”

“Ṣé ẹ lè yọ ogún dọ́là lóṣù lóòótọ́?”

“Láéláé!”

“A máa yọ ọ́ kúrò nìyẹn. Irọ́ tó pọ̀ jù ń ba ìwádìí jẹ́ bíi ti òdo.”

Ó wá kàn mí. Gbogbo wọn ń wò mí. Kí n sọ òótọ́, orí mi ṣì dàrú. Báwo ni ìyá ṣe máa sọ iye kan tí kò ní tijú? Ẹgbẹ̀rún kéré, mílíọ̀nù kéré, mi ò sì ní ọgọ́rùn-ún. Mo wo Nayeli, tó ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀.

“Dọ́là mẹ́ta lóṣù,” ni mo wí. Ojú tì mí débi pé mo bojú wolẹ̀.

“Inú kí lẹ máa ti yọ ọ́?” ni Jazmín rọra béèrè.

“Gáàsì. Sílíńdà kan nìyẹn. Màá padà sí igi ìdáná. Èéfín ò lè pa mí tó ohun tí mo rí láàárọ̀ yìí.”

Jazmín kọ ọ́ sílẹ̀. “Mà, kò sí ìdáhùn tó dáa ju tiyín lọ láti ọjọ́ tí mo ti bẹ̀rẹ̀.”

Ìgbìmọ̀ náà ló ní kí n sọ ọ́ fún yín bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ fún àwọn oníbàárà mi. Ẹ̀yin ará, tí ẹnì kan bá wá bi yín ní irú ìbéèrè yìí, ẹ ní kó fi káàdì tó ní àwòrán ẹ̀ hàn yín, kẹ́ ẹ sì béèrè ẹ̀ ní ọ́fíìsì abúlé yín kẹ́ ẹ tó dáhùn. Tó bá ní kẹ́ ẹ mú owó wá, kọ́bọ̀ kan péré, ẹ fẹjọ́ ẹ̀ sun ọlọ́pàá, torí olùwádìí kì í gbowó. Tó bá jẹ́ olùwádìí lóòótọ́, ẹ wo àpò yín, kẹ́ ẹ sọ òótọ́ iye tẹ́ ẹ lè fi sílẹ̀. Tó bá jẹ́ inú ló ń bí yín sí ìjọba, ẹ sọ ìyẹn náà. Ṣùgbọ́n ẹ má panu mọ́. Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́.

Wọn ò tíì ṣe kọ́nà wa. Wọ́n ṣì ń rò ó pọ̀ ní Portoviejo, olú ìlú ìpínlẹ̀ wa, wọ́n ń fi abúlé kan wé èkejì. Ibi yòówù kí wọ́n mú, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kọ òdo síwájú ọmọ yín.