Òjìji Tó Sùn Sórí Bàtà Doña Ofelia

Ọjọ́ tí Imelda kọ́kọ́ gbé kámẹ́rà wọ àdúgbò wa ní ìlú La Puente, àkùkọ ni Rosaura sáré lọ gbé pamọ́. Ìyá rẹ̀ ló ń sìn ín lẹ́yìn ilé, òfin ìlú kò sì fàyè gbà á. Nígbà tó rí obìnrin tó ń ya fọ́tò níwájú ilé wọn, ó rò pé ìjọba ìbílẹ̀ ló rán an.

"Àkùkọ yìí kì í ṣe tiwa o," ni Rosaura wí, bẹ́ẹ̀ ni àkùkọ ń jà lábíyá rẹ̀.

"Àkùkọ wo? Igi ọsàn kíkan yín ni mò ń yà."

"Ta ló rán ẹ?"

"Ara mi ni. Mo fẹ́ ya gbogbo ilé àdúgbò yìí pẹ̀lú àwọn tó ń gbé inú ẹ̀, kẹ́nikẹ́ni má baà sọ lọ́la pé a ò gbé ibí rí."

Rosaura bú sẹ́rìn-ín, àkùkọ sì já bọ́. Àwọn méjèèjì ló lé e dé ìsàlẹ̀ òpópónà. Kí wọ́n tó rí i mú, ìfẹ́ ti wọlé.

Ọdún 1994 nìyẹn. Ó ti pẹ́ tí mo ti kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n òórùn òdòdó igi ọsàn yẹn ò tíì kúrò nímú mi.

Rosaura a máa kọ pátákó fáwọn onísọ́ọ̀bù, ọwọ́ rẹ̀ kì í sì í gbọ̀n. Imelda á ya fọ́tò, Rosaura á fi búrọ́ọ̀ṣì kọ orúkọ gbogbo ẹni tó wà nínú rẹ̀ sísàlẹ̀. Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n ní, Imelda ló sì ṣe é: onílé ló máa sọ ẹni tó jẹ́ ará ilé òun. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bá a jiyàn.

Òfin náà tu àwọn bíi tiwọn lára. Ernesto àti Chuy, bàbá àgbà méjì tí gbogbo wa ti ń pè ní mọ̀lẹ́bí ara wọn láti ọgbọ̀n ọdún, di ọwọ́ ara wọn mú níwájú gáréèjì wọn.

"Kọ ọ́ dáadáa," ni Chuy wí. "Ernesto àti ọkọ ẹ̀."

"Ta ni ọkọ nínú wa?" ni Ernesto bi í.

"Èmi tí mò ń fọ abọ́ ni."

Ilé mọ́kànlélógójì ni wọ́n yà. Ó wá ku ilé ìyá Rosaura, tí gbogbo wa ń fọ̀wọ̀ pè ní Doña Ofelia.

Doña Ofelia mọ ohun tó wà láàárín àwọn méjèèjì, kì í kàn sọ ọ́ ni. Ọdún méjì gbáko, "ayafọ́tò" ló ń pe Imelda. Ó ń bu oúnjẹ fún un o, ṣùgbọ́n inú ike ló ń bù ú sí, kó gbé e lọ sílé rẹ̀.

"Ọkàn mi, jẹ́ ká fo ilé wa," ni Rosaura bẹ̀ ẹ́.

"Ilé tó wù mí jù nìyẹn." Imelda gbé kámẹ́rà rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi ti bá mi ríṣẹ́ sí ìlú Fresno, níbi tó jìnnà síbí. Tí màmá ẹ ò bá kà mí mọ́ ará ilé, màá lọ. Ó ti rẹ̀ mí láti máa gbé ike kiri bí àlejò."

"Èmi ńkọ́?"

"Olólùfẹ́ mi, mi ò ní ní kó o yan ọ̀kan nínú àwa méjèèjì."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, Doña Ofelia dúró níwájú gáréèjì pẹ̀lú bàtà ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́sẹ̀. Rosaura bi í ní ìbéèrè tí wọ́n ń bi gbogbo onílé.

"Màmá, àwọn wo ló ń gbé ilé yìí?"

"Èmi àtìwọ."

"Ṣé ó tán?"

"Ó tán. Ayafọ́tò, yà á, oòrùn ń lọ."

Imelda yà á. Omijé ò jẹ́ kó ríran dáadáa.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó gbé fọ́tò náà wá, ó fẹ́ fi dágbére. Orí tábìlì ìdáná ló gbé e lé.

"Ẹ má bínú, Doña Ofelia. Oòrùn wà lẹ́yìn mi, mi ò sì kíyè sí i. Òjìji mi ti wọnú ẹ̀. Màá gé e kúrò."

Lóòótọ́, òjìji rẹ̀ nà gbọọrọ lórí kọnkéré, orí rẹ̀ sùn sórí bàtà Doña Ofelia. Ìyá àgbà wá awò ojú rẹ̀, ó wò ó títí.

"Kí lo fẹ́ gé?"

"Òjìji yẹn. Ẹ ní ẹ̀yin méjì ni."

"Mo mọ ohun tí mo sọ. Tó o bá gé e, o máa gé ẹsẹ̀ mi mọ́ ọn nìyẹn."

"Mo lè rọra—"

"Imelda."

Kò pè é lórúkọ rí.

"Ìwọ lo ṣòfin. Ṣé èmi ni onílé àbí èmi kọ́?"

"Ẹ̀yin ni."

"Fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Rosaura, gbé búrọ́ọ̀ṣì ẹ, orúkọ mẹ́ta ni." Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún. "Ẹnu àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ló ń bà mí lẹ́rù. Ernesto ti gbé fọ́tò tiẹ̀ kọ́ sójú wíńdò látọjọ́ yìí, òrùlé wọn ò wó."

Ọwọ́ Rosaura gbọ̀n lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀dà fọ́tò náà wà lọ́wọ́ mi títí dòní. Nínú orúkọ Imelda, lẹ́tà D wọ́ díẹ̀. Ara gbogbo wọn ti fúyẹ́ débi pé kò sẹ́ni tó rántí tún un kọ.

Imelda dìde, ó ń retí ike. Àwo ni Doña Ofelia gbé síwájú rẹ̀, ẹ̀wà àti ẹran ń rú èéfín nínú rẹ̀.

"Jókòó. Àwọn ike mi dà? Mẹ́rìnlá ló wà nílé ẹ, o ò dá ọ̀kan padà rí."

"Màá kó wọn wá lọ́la, Màmá."

"Kó ẹrù ẹ mọ́ ọn."